Ará Ilé Ló Ń Jẹ Ẹyin Tó Sán

Kó tó kí mi rárá ló ti ti imú bọ inú ìyẹ̀fun igi.

Inú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni, ọyẹ́ ń fẹ́. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ní sọ́mìlì Ọ̀gá Elijah, lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, mò ń la igi àfàrà, nígbà tí mo rí ọmọbìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ sídìí òkìtì wa pẹ̀lú àpò òfìfo mẹ́rin. Ó bu ìyẹ̀fun igi sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e símú, ó dà á nù. Ó tún lọ bu òmíràn lápá kejì. Mo pa ẹ̀rọ.

"Àǹtí, kí lẹ sọ nù síbẹ̀?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Igi wo lẹ là lánàá?"

"Ìrókò ni."

"Mo mọ̀. Ti ìrókò máa ń mú adìẹ wúkọ́. Àfàrà ni mo fẹ́."

Ọ̀sẹ̀ kejì mi ní sọ́mìlì yìí ni, ṣùgbọ́n ó ti di ọdún kẹjọ tí mo ti ń la igi, mi ò tíì rí ẹni tó ń fi imú mọ igi tó ti di eruku. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín in. Mo bá a di àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbóòórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó so ẹnu wọn. Nígbà tó parí, ó yọ ẹyin adìẹ kan jáde láti inú báàgì rẹ̀, ó gbé e sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Kí ni ti ẹyin?"

"Bàbá mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó pàǹtírí ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́."

"Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ńṣe la ń dáná sun ún."

"Ẹ ṣáà jẹ ẹyin yín."

Orúkọ rẹ̀ ni Olúwanífẹ́mi. Ìgbà kẹta tó wá ni mo tó mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni tó ń béèrè orúkọ igi ò ráyè sọ orúkọ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ díẹ̀, torí bí kì í bá ṣe bàbá yìí, èmi àti Nífẹ́mi ò bá má pàdé. Alàgbà Lazarus ni gbogbo abúlé ń pè é. Alàgbà ni nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, ọgbọ̀n ọdún ló sì fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn kan kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó padà wá sílé láti máa sin adìẹ, ohun tó bá lábúlé ò dùn mọ́ ọn nínú. Ìyẹ̀fun igi tiwa ń jó tọ̀sán-tòru, gbogbo ilé ń wúkọ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, opó tó ń ṣe gàrí, ń dà sẹ́bàá odò ń jẹrà, kò sẹ́ni tó lè pọn omi níbẹ̀ láìdi imú. Adìẹ Bàbá fúnra rẹ̀ náà sì ń su, eṣinṣin ń tibẹ̀ wá bà lé ọbẹ̀ aládùúgbò.

Bàbá pe gbogbo wọn jọ. Wọ́n ní ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ò ju báyìí lọ: "Ṣé ẹ ti wo màálù àti lékeléke rí? Tí màálù bá ń rìn, kòkòrò á fò jáde nínú koríko, lékeléke á jẹ ẹ́. Lékeléke náà á bá a ṣa eégbọn. Kò sí ààtàn nínú igbó. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe ààtàn."

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ̀fun igi wa di ohun tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ fún adìẹ Bàbá. Bí adìẹ bá ti su sí i dáadáa, wọ́n á kó o lọ soko ẹ̀gẹ́ Ìyá Gbọ́njú. Ẹ̀gẹ́ á ta, gàrí á jáde, èèpo rẹ̀ á sì gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta lórí àpáta kí wọ́n tó gún un mọ́ oúnjẹ adìẹ. Ẹ̀gbẹ́ pákó tí a gé dà nù, òun ni Ìyá Gbọ́njú fi ń dáná gàrí. Odò mọ́. Ikọ́ kúrò nílé àwọn ọlọ́mọ.

Òfin méjì péré ni Bàbá ṣe. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà láìfúnni ní nǹkan padà, bó ṣe ẹyin kan. Ohunkóhun ò sì gbọdọ̀ wọ ilé ẹran láìjẹ́ pé imú ènìyàn ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Nífẹ́mi nígbà tí bàbá rẹ̀ fi iṣẹ́ imú náà lé e lọ́wọ́.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ó gbé ẹyin méjì fún mi, méjèèjì ló sán. Ó dùn mí. Mo ti ń fọ aṣọ iṣẹ́ mi nítorí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹta, mo tiẹ̀ ti ń fi òróró pa ìka ọwọ́.

"Ẹyin tó sán lẹ wá ń fún mi báyìí? Ṣé bí mo ṣe yẹpẹrẹ tó nìyẹn?"

Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rín rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí pákó.

"Ẹyin tó sán ò ṣeé tà, kò sì ṣeé fún àlejò. Ọjọ́ tó bá sán náà la máa ń jẹ ẹ́. Ará ilé ló ń jẹ ẹ́, Safwan."

Mo din ẹyin náà lálẹ́, mo jẹ ẹ́ tán, bí iyọ̀ wà níbẹ̀, mi ò mọ̀. Láti ọjọ́ náà, ó bọ́ "ẹ" sílẹ̀, ó ń pè mí ní ìwọ. Bí kò bá sẹ́ni nítòsí, ó ń pè mí ní ààyò mi. Bí eruku igi bá bo ojú mi, ó máa ń fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún, á ní, "Adé mi, o ti funfun bí láfún." Gbogbo ẹyin tí mo jẹ láti ìgbà náà, ó sán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí mo bá ń la igi, mo ń ka iye àpò tó máa bá níbẹ̀ tó bá dé.

Mo lọ bá bàbá rẹ̀ pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Mùsùlùmí ni mí, aláṣọ funfun ni bàbá rẹ̀. Màmá mi ti sọ fún mi nílé pé wọ́n á lé mi. Alàgbà Lazarus ní kí n jókòó.

"Nimotallahi ni ìyá tó bí Nífẹ́mi ń jẹ́ títí tó fi kú. Pálọ̀ tí a wà yìí ló ti ń kírun, èmi ń tan àbẹ́là mi nínú yàrá. Ibi tó o dojú kọ tó o bá ń gbàdúrà kọ́ ni mò ń wò. Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀ lẹ́nu rẹ. Tó o bá ṣẹ̀, ṣé o máa ń sọ?"

"Mo máa ń sọ, sà."

Mo yára dáhùn jù. Inú bàbá dùn, ó dájọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí Sátidé kejì nínú oṣù Ògún.

Oṣù Agẹmọ ni òjò fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rọ̀. Ilẹ̀ ilé adìẹ rin gbingbin, òórùn ìgbẹ́ adìẹ ń ta ènìyàn lójú láti ìta. Adìẹ ń wúkọ́. Ikọ́ ti mú Bàbá náà mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, òjò dá díẹ̀, Nífẹ́mi gun ọ̀kadà wá bá mi, ìborùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lórí.

"Safwan, tí mi ò bá rí gbígbẹ lónìí, òtútù máa pa wọ́n. Ẹgbẹ̀rin adìẹ ni. Gbogbo ohun tí Bàbá ní nìyẹn."

Òkìtì wa ti di ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun kan wà lábẹ́ páànù, nídìí ẹ̀rọ tó ń fá pákó, gbígbẹ, kíkúnná. Inú igi òrùlé àtijọ́ ló ti wá. Ọkùnrin kan ló tú ilé bàbá rẹ̀, ó kó igi rẹ̀ wá kí a bá òun fá a kó lè dà bí tuntun. Èmi ni mo fá a. Igi tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn ní ọjọ́ pípẹ́ ni, ojú mi sì ń ṣomi ní gbogbo ìgbà tí mò ń fá a.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo gbóòórùn oògùn náà lára ìyẹ̀fun yẹn. Kò pọ̀. Mo ní kí Nífẹ́mi lọ, kó padà wá lọ́sàn-án, mo sì tẹ́ ẹ sínú oòrùn fún wákàtí méjì. Nígbà tí mo kó o, òórùn náà ti lọ, tàbí èmi ni mo fẹ́ kó ti lọ. Mo lè sọ fún un pé kò sí. Mo lè sọ fún un pé kó fi koríko gbígbẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ti rí ojú rẹ̀, mo sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó ní ohun tó ń wá. Ìfẹ́ ni mo pè é nígbà náà.

Mo di àpò mẹ́fà sílẹ̀ dè é.

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa."

Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ tú ẹnu àpò àkọ́kọ́, ó tún nà ró.

"Ìwọ lo dì í. Kí ni mo tún ń gbóòórùn fún?"

Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó gbé ẹyin mẹ́ta tó sán lé mi lọ́wọ́, ó kó àpò rẹ̀ lọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí inú mi ò ṣe dùn rí láyé mi.

Lọ́jọ́ kẹrin, adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Wọn ò lè dìde, ọrùn wọn ń lọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹwàá, ó lé ní ẹgbẹ̀ta tó ti kú. Èmi ni mo gbẹ́ kòtò tí a sin wọ́n sí. Nífẹ́mi gbé orí lé èjìká mi, ó sunkún, ó ní, "Ọlọ́run ló fi ọ́ ta mí lọ́rẹ," mo sì dúró bí òpó.

Dókítà ẹran tó wá láti ìgboro ní kì í ṣe àrùn. Májèlé ni. Ó ní kí wọ́n pa ìyókù, kí wọ́n sin ín, kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Ó wá béèrè ohun tí àwọn adìẹ ń jẹ. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí wọ́n ń sùn lé.

Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ pé èèpo ẹ̀gẹ́ tí kò bá gbẹ dénú ń pa ẹran. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ojú yí sí Ìyá Gbọ́njú. Òun fúnra rẹ̀ gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bàbá, ẹni ọgọ́ta ọdún, aṣọ rẹ̀ rin sókè orúnkún.

"Òjò ni, Alàgbà. Mo rò pé ó ti gbẹ. Èmi ni, ẹ foríjì mí."

Inú ń bí Bàbá, àìsàn sì ń ṣe é. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde nínú ìjọ, ó ní ìmẹ́lẹ́ obìnrin kan ti pa òun run. Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Àwọn obìnrin kó ẹ̀gẹ́ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó fún adìẹ ní májèlé, kí ni kò ní í fún ènìyàn? Àwọn tó ń wá ra gàrí láti ọjà Ṣáṣá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìdúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, iná rẹ̀ kú, ó di ẹrù rẹ̀, ó ń lọ bá ìbátan rẹ̀ kan ní Ṣáṣá níbi tí yóò ti máa bá wọn ṣa òkúta inú ẹ̀wà.

Èmi ni mo bá a gbé ẹrù dé títì. Ó súre fún mi. Ó ní ìgbéyàwó mi á dùn, ó ní mi ò ní fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo la ẹnu tí mo tún pa á dé? Mo ń sọ fún ara mi pé kí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kọjá ná. Tó bá ti di aya mi, màá sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà, mo wà ní pálọ̀ wọn, Nífẹ́mi gbé oúnjẹ síwájú mi. Ojú rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá ti dárí ji Ìyá Gbọ́njú," ó ní. "Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ilé adìẹ lọ soko ìyá náà lọ́la, kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lè ta, kó lè rí ohun padà wá bá. Ìyókù, àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ á pín in. Ó ní nǹkan tí a ti ń ṣe bọ̀ ò gbọdọ̀ dúró."

Mo dá òkèlè ọwọ́ mi padà sínú abọ́. Mo rí i bó ṣe máa lọ. Láti inú ilẹ̀ sínú ẹ̀fọ́, láti inú ẹ̀gẹ́ sínú gàrí, láti inú gàrí sẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀nà tí Bàbá là fún oore náà ni májèlé mi fẹ́ gbà.

"Nífẹ́mi, má jẹ́ kí wọ́n kó o."

"Kí ló dé?"

Mo sọ fún un. Igi òrùlé, oògùn ikán, oòrùn wákàtí méjì, gbogbo rẹ̀.

Kò sunkún. Ó dìde, ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo tẹ̀ lé e. Àpò kẹfà ṣì wà níbẹ̀, wọn ò tíì lò ó. Ó tú ẹnu rẹ̀, ó ti imú bọ̀ ọ́, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó ń rùn," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ká ní mo tú u lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń gbóòórùn gbogbo àpò tó wọ ilé yìí, Safwan. Tìrẹ nìkan ni mi ò gbóòórùn."

Ó mú mi lọ bá bàbá rẹ̀ lórí ibùsùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún un sọ. Bàbá fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde jókòó.

"Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí àkọ́kọ́ kú, sà."

"Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ ìyá yẹn nínú ìjọ ńkọ́?"

"Mo ti mọ̀, sà. Mò ń dúró de Nífẹ́mi lẹ́nu géètì, mo gbọ́ ọ."

Ó wúkọ́, ó nu ẹnu.

"Torí adìẹ kọ́ ni mo fi ń kọ̀ ẹ́. Àṣìṣe lo ṣe nípa adìẹ, ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe lábúlé yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló so ó pọ̀. Mi ò lè yẹ oko gbogbo ènìyàn wò. Tí ẹnì kan bá sọ pé ó dáa, a gbà pé ó dáa nìyẹn. Mo bi ọ́ léèrè níjọ́sí bóyá o máa ń sọ. Mi ò mọ ohun mìíràn tí ǹ bá bi ọ́."

Mo yíjú sí Nífẹ́mi. Omi ti wà lójú rẹ̀ báyìí.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó ní. "Lórí ìdúró yìí náà, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ ọ, màá máa gbóòórùn oúnjẹ tó o bá gbé síwájú mi. Màá máa gbóòórùn omi tó o bá bù fún ọmọ wa. Irú ilé wo nìyẹn, ààyò mi?"

Ìgbà tó pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́ta wọ mọ́tò lọ sí Ṣáṣá. A bá Ìyá Gbọ́njú lórí àpótí, atẹ ẹ̀wà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Alàgbà Lazarus, tí kò lè rìn dáadáa, dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku ọjà níwájú obìnrin náà, èmi dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo ṣe, àwọn tó ń tajà nítòsí gbọ́. Ìyá Gbọ́njú fa Bàbá dìde, ó nu eruku aṣọ rẹ̀, ó ní òun ti foríjì í. Ó wá wò mí.

"Ṣé ìwọ náà lo bá mi gbé ẹrù dé títì?"

"Èmi ni, mà."

Ó tẹ̀ síwájú nídìí ẹ̀wà rẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ kó padà sílé, ó ní àgbà òun ò lè tún iná yẹn dá.

Sátidé tó yẹ kí àwọn ẹbí mi gbé iṣu wọlé wọn, kòtò ni mo gbẹ́. Mo gbẹ́ ẹ jìn, ó jìnnà sí odò bí dókítà ṣe wí, mo tẹ́ tapólì sí i nísàlẹ̀, mo kó gbogbo ilẹ̀ ilé adìẹ sí i, èmi nìkan, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nífẹ́mi gbé omi wá lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé e sílẹ̀ lọ́nà jíjìn, ó padà.

Bàbá ò gbádùn mọ́. Ó kú nínú oṣù Bélú. Mo lọ síbi ìsìnkú, mo dúró lẹ́yìn ọgbà.

Èèpo ẹ̀gẹ́ àwọn obìnrin yòókù ti ń jẹrà padà lẹ́bàá odò báyìí. Ọ̀gá Elijah ti padà sí dídáná sun òkìtì wa, torí àwọn ọlọ́sìn ò fẹ́ rí ìyẹ̀fun tó ti ọwọ́ mi jáde. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n mo ń ya àfàrà sọ́tọ̀ lábẹ́ páànù, òun nìkan, mo fi ẹfun kọ orúkọ igi náà sára pákó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọyẹ́ ń fẹ́, mo rí Nífẹ́mi tó ń bọ̀ pẹ̀lú àpò méjì. Mo ti gbọ́ pé ó ra ọgọ́ta adìẹ tó ti tó yé. Mo pa ẹ̀rọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní.

"Ẹ kú àárọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí àfàrà. Ó bu ú lókè, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bu ú láàárín, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ pátápátá, ó gbóòórùn ìyẹn náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Mo dúró. Mi ò bá a di àpò, kò sì ní kí n bá òun dì í. Nígbà tó so ẹnu wọn tán, ó ti ọwọ́ bọ báàgì, ó gbé ẹyin kan sórí pákó.

"Ẹ ṣeun," ó ní, ó gbé àpò rẹ̀ lọ.

Mo mú ẹyin náà. Mo yí i wò nínú oòrùn, mo tún un yí, mo fi èékánná wá ojú ibi tó ti sán. Kò sán níbì kankan.